Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pe Níyì

Ilé wa, ẹ̀yìn ọjà Ọjúwóyè,
Mushin, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Motọ́lání, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ooru Kàdúná kò mú yín jù? Ṣé orúnkún tí o ní ó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, bí ó ti fi ara tiwa náà sílẹ̀ níbí ní líle. Ọkàn nìkan ni kò le.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé bàbá rẹ ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Mo ti gbé fóònù láti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ bá ti gbọ́ ohùn rẹ, á gbà á lọ́wọ́ mi, ẹkún ni yóò sì máa sun títí tí káàdì á fi tán. Ọ̀rọ̀ yìí ní orí, ó ní ìdí. Bí n kò bá tò ó sílẹ̀, n kò ní lè sọ ọ́ débi tó yẹ kó dé. Mo ti sọ fún Níyì àbúrò rẹ pé mò ń kọ̀wé sí ọ nípa òun. Ó bi mí pé, “Ṣé òótọ́ lẹ fẹ́ kọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó sì lọ wẹ̀.

Níyì kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe pé ó jalè, kì í ṣe pé ó bá ẹnikẹ́ni jà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí o ti wà ní Kàdúná nígbà tí ó rí iṣẹ́ náà, ohun tí ìyá rẹ sì ń sọ fún ọ kò ju pé ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni, ní Sùúrùlérè. Aṣọ ibùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀. Iṣẹ́ Níyì ni kí ó máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, kí ó kó aṣọ jáde, kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ sì máa ká wọn. Ẹnì kejì yẹn ni Síkírù, ọmọ Mushin níbí náà. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. N kò sọ pé ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ayé lọ o. Bí àwọn yòókù ti ń ṣe é lòun náà ń ṣe é, ìgbà mìíràn a tilẹ̀ máa lọ́ra díẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ni ìnira rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé láti kékeré ni ariwo ti máa ń gún un bí abẹ́rẹ́. Ó wá ra ìbòrí etí tí àwọn tó ń fọ́ kọnkéré máa ń lò, ìyẹn ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ tó fi ń rìn bọ̀, kí ariwo inú ọkọ̀ má baà ti rẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bọ́ọ̀tì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un níbẹ̀. Kì í wo ojú ènìyàn bó bá ń sọ̀rọ̀, ohùn kan náà ló sì fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ti ayọ̀, ìbáà jẹ́ ti ìbànújẹ́. Benjamin, alábòójútó wọn, ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Níyì kò fẹjọ́ sùn mí. Inú ọjà ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí ọmọbìnrin kan láti ibi iṣẹ́ rí wa, tó kí i pé, “Rọ́bọ́ọ̀tì, báwo ni?” Níyì dá a lóhùn pé dáadáa ni. Nígbà tí ó lọ tán, mo bi í pé ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ni. Orúkọ mi ni Níyì.”

Mo lọ rí mẹ́níjà wọn. Madam Ethel ni wọ́n ń pè é. Ará Kàlàbá ni, ṣùgbọ́n Sábó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mìíràn lọ. Obìnrin rere ni. Fi èyí sọ́kàn bí o ṣe ń kàwé yìí lọ, torí ìyá rẹ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí mọ́. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún wa nígbà tí Níyì wà ní girama: pé bí ojú wa kò ti jọra náà ni ọpọlọ wa kò jọra, pé ọ̀nà tí ti Níyì ń gbà ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù, pé kì í ṣe àrùn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wò sàn níbẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n máa pè é lórúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà, torí bí o bá ti sọ ọ̀rọ̀ ló ṣe máa gbà á.

Omi lé sójú rẹ̀. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan dé ní Ìkẹjà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé wọ́n kọ́ àwọn ní èdè tó yẹ kí á máa lò níbi iṣẹ́, kí á má baà máa fi ẹnu ṣá ènìyàn lọ́gbẹ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Inú mi dùn, Motọ́lání. Mo dúpẹ́ títí mo fi jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Kò sọ fún Níyì tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ó bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, bẹ́ẹ̀ ìwọ mọ̀ pé Níyì kì í fẹ́ kí á ṣàdédé fọwọ́ kan òun. Ó sọ fún wọn pé Níyì kì í ṣe Rọ́bọ́ọ̀tì, òṣìṣẹ́ àkànṣe ni, kí gbogbo wọn máa fi ìfẹ́ àti sùúrù bá a lò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gbàǹgbà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “Òṣìṣẹ́ Wa Àkànṣe.” Síkírù ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá rí ojú ẹ̀. Àfi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń jalè.”

Kí oṣù yẹn tó parí, Rọ́bọ́ọ̀tì ti lọ, Àkànṣe ti rọ́pò rẹ̀. “Àkànṣe, gbé omi wá.” “Àkànṣe, ṣé o ti jẹun?” Wọ́n á fa ohùn gùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ ìkókó lẹ́kún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàṣìṣe, àwọn tó kù á bi í pé, “Ṣé ìwọ náà ti di àkànṣe ni?” Ẹnìkan tó ti wo fíìmù kan níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ìṣirò bí iwin ní kí Níyì náà fi ẹ̀bùn tirẹ̀ hàn wọ́n, ó sì bi í ní ìṣirò kan. Ìwọ lo máa ń bá a ṣe iṣẹ́ àmúrelé, o mọ̀ pé kò fẹ́ràn ìṣirò. Ó ṣì í. Wọ́n ní àkànṣe tí kò lẹ́bùn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí. Bí wọ́n bá ń pe ọmọ rẹ ní orúkọ burúkú, o lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ lọ wí pé wọ́n pè é? Ta ni yóò gbà pé èébú ni àkànṣe? Mo tún lọ bá Madam Ethel. Òun náà ti ń gbọ́ ọ, kò sì mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ó ní, “Daddy, ọ̀rọ̀ wo wá ni kí n ní kí wọ́n máa lò?” Mo ní Níyì. Ó ní, “Ìyẹn yé mi, sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé irú ẹni tó jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ wò lọ́kàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, tí kì í bá ṣe èébú, ìkáàánú ni. Mo dìde, mo lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Síkírù kò wá síbi iṣẹ́ torí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Níyì ti kó aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan sínú ẹ̀rọ, ó wá lọ bi Benjamin pé ta ni yóò bá òun ká wọn. Benjamin kò dáhùn. Ó tún bi í. Inú bí Benjamin, ó ní, “Àkànṣe, tó bá jẹ́ pé o fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni, gbé báàgì ẹ, kó o máa lọ sílé, kí gbogbo wa sinmi.” Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Níyì gbé báàgì rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó sì lọ. Iwájú ilé ni mo wà, mò ń kan tìmùtìmù àga oníbàárà kan, nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ nínú oòrùn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.” Ó bọ́ bàtà, ó wọlé lọ jẹun. Mo rò pé wọ́n tètè jáwọ́ ni.

Ẹ̀rọ tó fi sílẹ̀ ń yí lọ, kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Èéfín ni wọ́n rí. Kí wọ́n tó paná rẹ̀, aṣọ tó wà nínú rẹ̀ ti jóná, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn bínú, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Wọ́n bi Benjamin, ó ní Níyì ló já iṣẹ́ jù sílẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan tó rántí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Madam Ethel wá sílé wa. Ó ní Alhaji Ṣítù, tó ni ilé iṣẹ́ náà, fẹ́ lé Níyì, àti pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí òun fi lè gbà á sílẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ síwájú Alhaji ní ọjọ́ Ajé, kí n sọ pé ọmọ mi kò mọ ohun tí ó ń ṣe, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ti rí nìyẹn. Ó ní aláàánú ni Alhaji, bí wọ́n bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀, wọn kò ní dá a lẹ́bi mọ́. “Daddy, gbólóhùn kan péré ni.” Ìyá rẹ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí kò dàgbà tó ọ.

Níyì jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó ní, “Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, mo lọ.” Madam Ethel ní, “Mo mọ̀, Níyì. Ká kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi ọ́ sílẹ̀ ni.” Níyì ní, “A jẹ́ pé irọ́ ni.”

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ọ̀rọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí lójú gan-an, èyí tí kì í sábàá ṣe, ó ní, “Rọ́bọ́ọ̀tì lẹ̀. Àkànṣe náà lẹ̀.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, a lọ. Alhaji gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún mi ní àga àti omi tútù. Níyì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Benjamin náà wà níbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Alhaji ní, “Bàbá, mẹ́níjà sọ fún mi pé orí ọmọ yín kò fi bẹ́ẹ̀ pé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Wọn kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń búni. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló gba agbára lára mi.

Mo ti há gbólóhùn náà sórí láti ilé. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo ronú pé mo ti ń darúgbó, ìyá rẹ náà ń darúgbó, iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí yóò tún rí lẹ́yìn èyí? Mo la ẹnu. Mo rí Níyì tó ń fi àtàǹpàkò tẹ èékánná ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ọmọ mi mọ ohun tí ó ń ṣe, Alhaji. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé ni.”

Alhaji yíjú sí Benjamin. Benjamin gbà nígbà náà pé òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní eré ni, ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé eré ni. Alhaji mi orí. Wọ́n ní, “Bàbá, bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe, mo lè ṣàánú ẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀rọ mi sílẹ̀ kó jóná. Èwo ni ká mú?” Mo ní kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí létí rẹ̀ ló ṣe ń rí lọ́kàn rẹ̀, pé ọgbọ́n rẹ̀ kò dín sí tiwa, ìwà burúkú rẹ̀ kò sì ju tiwa lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ara mi, bí àwáwí ló ṣe ń dún. Mo wo Madam Ethel pé kó ràn mí lọ́wọ́. Ó ń sunkún.

Alhaji ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n kí Níyì máa lọ. Níyì wá béèrè, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń béèrè gbogbo nǹkan, pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n máa lọ lóòótọ́ ni, àbí eré ni?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alhaji ní lóòótọ́ ni. Ó ní, “Ó dáa, sà. Ó dàbọ̀.” A jọ rìn wálé.

Benjamin ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Madam Ethel pè mí, ó ní òun ti já fọ́tò Níyì kúrò lára ògiri, òun kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun jù ú sí. Ó ní ìfẹ́ ni òun fi ṣe gbogbo ohun tí òun ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wá ń ṣìpẹ̀ fún un. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ti oúnjẹ lọ. Ó ní ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan tí kò lè pa mí. N kò lè bá a jiyàn, torí bí mo bá dùbúlẹ̀, ohun kan náà ni mò ń bi ara mi.

Níyì ṣì ń jí bó ṣe ń jí. Yóò wọṣọ, yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò dúró díẹ̀, yóò padà jókòó. Síkírù máa ń wá kí i. Ó bí ọkùnrin, ó ń gbé fọ́tò ọmọ náà wá fún Níyì wò. Níbi iṣẹ́ wọn, òun nìkan ni kò pè é ní nǹkan kan rí ju Níyì lọ. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, Níyì ló ní Níyì ni òun ń jẹ́.

Ìwọ tí o jẹ́ olùkọ́, ọmọ mi, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ènìyàn lè fi sọ irú ẹni tí àbúrò rẹ jẹ́, tí kò ní sọ ọ́ di aláìsàn, tí kò ní sọ ọ́ di òmùgọ̀ tàbí ẹ̀dá abàmì, jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. N kò mọ̀ bóyá yóò wúlò. Bóyá wọn á tún sọ òun náà di èébú.

Lánàá ni Ìyá Haleemah, aládùúgbò wa, gbé ọbẹ̀ wá. Ó ní àwọn gbọ́ pé ara Níyì kò yá, pé Ọlọ́run yóò wò ó sàn. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ náà kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n abọ́ gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún àánú. Mo ní àmín. Níyì wà lẹ́yìn mi. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ tán, ó wá ní, “Bàbá, kí lẹ ṣe àmín sí?” Mo gbé ọbẹ̀ náà wọlé. N kò tíì dá a lóhùn di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Kí Olúwa bá wa tọ́jú ilé tìrẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe dé ibi tí wọn kò ti ní mọ orúkọ wọn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ má bàjẹ́, kí ojú wa sì tún rí ara wọn láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọláìtán.

Àfikún: Bí o bá pè, Níyì ni kí o ní kí á gbé fóònù fún. Má bi í bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é, wọ́n ti ń bi í jù. Bi í ní ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà, yóò sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí.